Páànù Bísíkíìtì

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàdínlógún ló wà nínú páànù bísíkíìtì
lábẹ́ ibùsùn mi ní Òkè-Ṣópín, n'Íjẹ̀bú-Igbó.
Ẹ̀gbọ́n mi Odùfúwà ló fi wọ́n ránṣẹ́ láti Súwídìn,
ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, bí ẹni ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀.
Kò fi owó sí i. Ìyá wa a gbọn àpò ìwé náà títí,
a yẹ inú rẹ̀ wò, a ní, "Orin náà ni?"

Báírò búlúù ló fi ń kọ̀wé sára wọn:
irú ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́, ìgbà tí kí n gbọ́ wọn.

"Àwọn mẹ́rin yìí, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì,
gbọ́ wọn bí o bá ń fọ aṣọ.
Ohùn wọn ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn.
Má jẹ́ kó tàn ẹ́ o. Ẹkún wà nídìí rẹ̀,
àtíkè ni wọ́n fi bò ó lójú."
Mo fọ aṣọ. Mo jó.
Ìgbà kẹta ni mo tó gbọ́ ẹkún náà.

"Èyí, má gbọ́ ọ lójú Ìyá."
Mo gbọ́ ọ lójú Ìyá.
Gìtá ń ké bí ayùn tó kan ìṣó nínú ìtì ìrókò,
ọkùnrin kan ń bú ramúramù bí ẹni tí eegun há lọ́fun.
Ìyá sáré wọlé: "Ta ló ń kú?"
Mo ní wọ́n ń kọrin ni.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Odùfúwà kọ ọ́ sí pé,
"Bí mo bá pa ojú dé báyìí,
mo tún wà ní sọ́mìlì Bàbá Ọ̀nàfówókàn,
ìyẹ̀fun pákó lójú, ìyẹ̀fun pákó létí.
Níbí, àwo ni mò ń fọ̀. Kì í pariwo."

Ọdún kẹfà, orin àwọn ará oko wọn ló dé,
gòjé kan tó ní bọ́tìnnì bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.
"Nígbà tí ẹ bá ń yan gàárì," ló wí,
"ọwọ́ Ìyá á bá a mu."
Ó bá a mu. Igbá ń lọ, igbá ń bọ̀ nínú agbada,
èéfín gba ojú wa, Ìyá ń mi orí, kò sì mọ̀.
Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí náà ti gbé inú igbó rí."

Àwọn ọmọ onírun ṣóńṣó tún wà:
"Kò sẹ́ni tó mọ gìtá á ta nínú wọn,
ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi òṣùwọ̀n rẹ́ ẹ jẹ,
gbọ́ wọn kí o tó sùn."
Mo gbó téèpù yẹn. Ẹ mọ ọjà wa.

Àti àwọn mẹ́ta onídùùrù, tí wọn kì í yára.
"Òru ni tiwọn. Bí iná bá lọ, fi bátìrì sí i.
Bí yìnyín ṣe ń bọ́ níbí nìyẹn:
ó ń bọ́, o ò gbọ́ ọ,
títí ilẹ̀kùn ò fi ní ṣí mọ́."

Ìkẹtàdínlógún kò ní ìwé kankan lára.
Ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ àdírẹ́sì wa, ó ṣi Igbó kọ.
Mo gbọ́ ọ dé ìdajì: orin kan parí,
ẹnìkan húkọ́, ó fa àga,
ó ní, "Ó mà ti ń gbà á."
Orin mìíràn bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ orin wo ni.
Ibi ikọ́ yẹn ni mo máa ń yí i padà sí.

Lánàá Oyèfẹ̀sọ̀, ọmọ ọmọ mi, ní kí n júwe
àwọn ẹgbẹ́ Súwídìn tó dára fún òun.
Mo júwe wọn tán, tìgbàtìgbà wọn, bí a ṣe júwe fún mi.
Ó tẹ fóònù. Kí n tó mí, gbogbo wọn ti dé,
ohùn wọn mọ́ gaara, kò hó, kò há.
Mo ní, "Àwọn kọ́ nìyí."
Ó ní, "Àwọn náà ni, Màmá Àgbà."
Mo tẹ́tí títí.
Kò sẹ́ni tó fa àga níbẹ̀.