Ọkọ̀ Inú Fọ́tò

Inú agolo bisikíìtì ni fọ́tò náà ń gbé,
láàárín rìsíìtì irun àgùntàn àti eyín ọmọdé mi méjì.
Ovidio, bàbá ìyá mi, fẹ̀yìn ti ọkọ̀ kan,
ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lé pátákó àtẹ̀gùn rẹ̀,
bí ẹni tí gbèsè ò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

“A ti rí já jẹ rí,” ni Nieves ìyá mi máa ń wí
nígbàkigbà tí ọbẹ̀ bá ṣàn jù.
“Ẹ sáà wo ọkọ̀.”

Mo gbé e lọ bá Evaristo,
tó ń jí òkú ọkọ̀ dìde
lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Tacuarembó.
Ó nu òróró ọwọ́ sára ṣòkòtò,
ó gbé awò tó ń sọ kékeré di ńlá sójú,
ó dákẹ́ títí tíì màté rẹ̀ fi tutù.

Kò tilẹ̀ wo bàbá wa.
Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wò:
“Igi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá inú rẹ̀.
Ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí wà;
apá òsì títì la ń gbà ní Urugúáì nígbà náà.”
Ó fi èékánná tọ́ àmì roboto iwájú ẹ́ńjìnnì,
ìràwọ̀ kan há sínú rẹ̀,
kò tóbi ju orí ìṣó lọ.
“Dọ́ọ̀jì ni. Ọdún 1925, bí kò bá jẹ́ 1926.
Mo lè búra.
Mi ò kàn ní fi ìyá mi búra ni.”

Ibẹ̀ ni Delmira ìyàwó rẹ̀ ti yọrí láti ilé ìdáná,
ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́.
Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré,
ó lọ já fọ́tò tirẹ̀ lára ògiri:
àǹtí rẹ̀ nínú aṣọ ìgbéyàwó,
ọkọ̀ kan náà lẹ́yìn rẹ̀,
ibi kan náà tó tẹ̀ wọnú lábẹ́ iná òsì,
bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí eyín ti fi sílẹ̀.

“Ọkọ̀ ayàwòrán ni,” ó ní.
“Oko dé oko ló ń wà á kiri.
Owó fọ́tò lọ́tọ̀,
owó àtifẹ̀yìn ti ọkọ̀ lọ́tọ̀.”

Nígbà náà ni mo tó rí òjìji tó wà lórí koríko nísàlẹ̀,
ọkùnrin kan tó tẹrí ba, àti ẹsẹ̀ igi mẹ́ta.
Láti kékeré ni mo ti ń pè é ní kùkùté.

Mo délé. Ìyá mi ń bẹ ọ̀dùnkún.
“Ṣé wọ́n dá a mọ̀?”
“Wọ́n dá a mọ̀. Dọ́ọ̀jì ni.”
“Dọ́ọ̀jì.” Ó tún un pè, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń tọ́ orúkọ ọmọ tuntun wò.
Mo gbé ìyókù mì.
Èèpo gígùn kan já bọ́ sínú abọ́.
Kò gbójú sókè.
“Bàbá mi ò mọ ọkọ̀ wà,” ó ní,
“àmọ́ ó mọ̀ ọ́n fẹ̀yìn tì.”