Ohun Tí Ilé Màlúù Mọ̀

Ìwé ìtàn yunifásítì wa bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀gá àgbà,
irùngbọ̀n rẹ̀ kún àwòrán dé etí.
Tèmi bẹ̀rẹ̀ lórí màlúù mẹ́ta,
ọ̀kan nínú wọn ń tiro.
Bàbá bàbá mi, Torvald Stensrud, ló ń fún wàrà wọn
nígbà tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣì jẹ́ ẹyọ kan,
tí yìnyín ń gba ihò òrùlé wọlé,
tí ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé.

Ogun abẹ́lé ń jó lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin náà:
kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀,
kí wọ́n tà á, kí wọ́n fowó rẹ̀ gbé ilé-ẹ̀kọ́ ró
fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alágbẹ̀dẹ.
Ọ̀rọ̀ náà dára. Mo tún un sọ, ó dára.
Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin nítorí ọmú màlúù
mọ iyì ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í bi í pé
“Ta ni bàbá rẹ?” kó tó ṣílẹ̀kùn.

Màmá mi fẹ́ràn láti máa sọ ti Ottilie Brandvold,
olùkọ́ erùpẹ̀, tó wọ ọkọ̀ ojú irin
káàkiri ìgbèríko, àpótí irúgbìn lábẹ́ apá.
Enos Tuttle tutọ́ sílẹ̀ ní ìdíkọ̀:
“Kí lobìnrin onísokisi mọ̀ nípa oko?”
Ó bọ́ ìsokisi. Ó bọ́ sínú oko ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀ lásán,
ó bu erùpẹ̀ sáhọ́n, ó pọ́n ọn lá.
“Ó kan,” ló wí. “Da ẹfun sí i.”
Nígbà ìkórè kejì, àpò àgbàdo kan
wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Kò sí lẹ́tà.
Wọ́n ní wọ́n rí kẹ̀kẹ́ ẹṣin Tuttle tó ń sáré lọ.

Lọ́dún tí eruku bo oòrùn lójú,
tí báńkì ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó olówó,
mo rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, yíǹkì ti pọ́n:
*Ọmọ Haugen. Owó ilé-ẹ̀kọ́, sáà kìíní: abo màlúù kan.*
Ìdajì agbo mi lónìí, àtọmọdọ́mọ owó ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n.

Ní báyìí a ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n.
Tí pápá bọ́ọ̀lù bá bú ramúramù lọ́jọ́ Sátidé,
wàrà á sá padà sínú ọmú.

Verna Greyearth ló ń bá mi ṣọ́ òru nígbà ìbímọ màlúù,
ọmọ Dakota, bàtà rọ́bà rẹ̀ tóbi jù ú lọ.
Ó ti lọ wo máàpù ilẹ̀ tí wọ́n tà.
“Ibí yìí,” ó fi ìka yàwòrán sínú eruku ilẹ̀,
“ni ìyá ìyá ìyá mi ti ń wa gbòǹgbò jíjẹ.
Wọ́n kọ iye tí wọ́n tà á, sẹ́ńtì sí sẹ́ńtì.
Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀.”
Mo fẹ́ sọ pé àwa tiwa ò sí níbẹ̀.
Mo wo ọwọ́ mi. Wàrà ọdún mẹ́rìnlélógójì wà lára rẹ̀.
“Ìjọba fún ni nílẹ̀” —
a kì í fi aṣọ aláṣọ ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ.

Abo náà ké. Ẹsẹ̀ méjì yọ.
A jọ fà á, èmi àti òun, títí ó fi já bọ́ sórí koríko gbígbẹ,
tútù, tó ń gbọ̀n.
Verna ló sọ ọ́ lórúkọ: Gbèsè.
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀gá àgbà tuntun wá ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ lósù tó kọjá,
ó gbá a mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín.
Kò béèrè ohun tí orúkọ náà wá fún.
Gbèsè ń jẹun dáadáa.
Ó ti ga dé èjìká ìyá rẹ̀.