Aago Méje Alẹ́

Aago méje lù ní Wínípẹ́ẹ̀gì.
Ìta ti ṣú láti aago márùn-ún,
yìnyín ń rìn lẹ́bàá fèrèsé
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.
Mo fọwọ́. Mo bu omi sí ife.
Hóró kan, pupa rúsúrúsú,
kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ.

Àkàngbé ló ń ṣí ìgò fún mi nígbà tí ìka mi bá kú.
Ó kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́,
bí ẹni fẹ́ mú àkekèé.
Mo ní, ohun tí o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn,
ṣé òun náà ni mò ń gbé mì?
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín ọ̀hún ò pẹ́.

Oògùn èṣí, ti inú abẹ́rẹ́,
dáná sun gbogbo oko nítorí òkété kan:
irun lọ, ìpéǹpéjú lọ, iyọ̀ ò dùn lẹ́nu mọ́.
Èyí mọ ojúlé.
Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń kàn,
níbi tí jẹjẹrẹ ti ń gba àṣẹ àtimáa bí sí i.
Síbẹ̀, ẹni tó mọ ojúlé a máa yà lọ́nà.
Ó yà sí àyà mi, ó gbin èélá síbẹ̀.
Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì Marítẹ́sì.
Ọṣẹ ò tí ì gbẹ lọ́wọ́ mi tó fi pè:
“Màmá, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín,
ẹ má sì fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fara dà á.”
Ọdún méjìlélógún tí mo fi fọ aṣọ ilé ìwòsàn,
ìfaradà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.
Ó wá kù kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ké.

Ọsàn gírépù tí mo máa ń fi ṣúgà jẹ láàárọ̀,
ó dìgbà.
Wọ́n ló máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ oògùn sínú ẹ̀jẹ̀,
kó máa pọ̀, kó máa pọ̀, títí ilé á fi ya.

Ẹ̀gbọ́n mi Fadérera fi ìgò àgbo ránṣẹ́ láti Ìkirè,
ó fi láílọ́ọ̀nù wé e nígbà mẹ́ta.
“Mu ún, egbò igi ni.”
Egbò igi, egbò ara:
ohùn kan náà ni, wọn kì í ṣọmọ ìyá.
Apòògùn béèrè orúkọ egbò kọ̀ọ̀kan.
Mi ò mọ̀ ọ́n. Fadérera alára ò mọ̀ ọ́n.
Mi ò mu ún. Mi ò sì lè dà á nù,
nítorí ojú mi ni wọ́n rò tí wọ́n fi sè é.
Mo gbé e sí gáréèjì.
Nínú oṣù Kìíní, òtútù la ìgò náà sí méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì há sínú yìnyín,
mo wọlé lẹ́yìn aago méjìlá.
Mo ní lọ́la ma lo méjì, kó pé.
Marítẹ́sì ní rárá o.
Èyí tó lọ ti lọ;
gbèsè yìí, a kì í fi ìlọ́po méjì san án.

Ìbítóyè, ọmọ ọdún mẹ́rin, nawọ́ sókè:
“Màmá àgbà, súwíìtì yín dà?”
Ọjọ́ náà ni ìgò kó lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù òkè,
lẹ́yìn gààrí, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Mo gbé e mì lódidi. A kì í lọ̀ ọ́, a kì í là á.
Ó di wákàtí kan kí n tó lè jẹun.
Àkàngbé ti bu ọbẹ̀ tiẹ̀.
Ó wo aago, ó wò mí,
ó sì fi àwo mìíràn bo àwo náà,
ó jókòó.
Mo ní kó jẹun, ọbẹ̀ ń tutù.
Ó ní ebi ò tí ì pa òun.
Irọ́ ni.
Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.