Ojú-Ìwé Kejì

Mai Kwafi ni wọ́n ń pè mí ní Samaru,
ọmọ Ọ̀fà tó gbé ẹ̀rọ ìdàwékọ dé Zaria,
tó ní ọdún kan péré lòun máa lò.
Ó ti di ọ̀kànlélógún.

Ẹnu géètì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.
Bí ọyẹ́ bá dé, eruku a kún gíláàsì ẹ̀rọ bí ìyẹ̀fun,
n ó fi etí ẹ̀wù nù ún,
n ó tún nù ún.

Kí n má parọ́: mo ní kọ́tìnì kan,
aláwọ̀ ewé, tó ti ṣá.
Ìwé tí òfin bá wà lẹ́yìn rẹ̀,
ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo ti ń dà á kọ.
Ojú-ìwé kejì, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ pé
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da èyíkéyìí nínú rẹ̀ kọ,
n kì í fọwọ́ kàn án. Mo ń fò ó ni.
Gbogbo ìwé tó ti ọwọ́ mi jáde,
láti ojú-ìwé kẹta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀,
bí ẹni tó wọlé tí kò kí onílé.

Shamsiyya ará Funtua mọ̀ mí dáadáa.
Orí kẹta lónìí, nítorí ibi tí owó mọ;
orí kẹrin di ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá ta ẹ̀wà.
Orí karùn-ún kò dé títí ìdánwò fi dé.
Ó gbé ìwé oníhò sórí, ó fi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò,
ibi tí ihò wà gan-an ni ìbéèrè ti yọ.

Ọjọ́rú kan ni Dókítà Rifkatu Akawu dé,
ẹni tó ń kọ́ wọn nípa ilẹ̀,
tí bàtà rẹ̀ kì í ṣàìní ẹrẹ̀.
Mo yára fa kọ́tìnì. Àyà mi já:
ìwé tirẹ̀ gan-an ló wà lórí ẹ̀rọ.
Ó rí i. Kò sọ nǹkan kan.
Ó na fílàṣì sí mi.
"Tẹ ọ̀kan. Ojú-ìwé kejì ni kí o kọ́kọ́ kà."

Mo kà á. Mo bọ́ awò ojú, mo nù ún, mo tún un kà:
Ẹ dà á kọ. Ẹ pín in fún ẹni tó bá fẹ́.
Ẹ tú u sí èdè ilé yín.
Ibi tó bá wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.
Orúkọ mi nìkan ni kí ẹ má ṣe yọ.

"Dókítà, kí lẹ ó wá jẹ?"
Ó rẹ́rìn-ín.
Ó ní owó oṣù òun, bó tilẹ̀ ń pẹ́, owó ìlú ni;
ó ní àwọn àgbẹ̀ Giwa tó mú òun rìn lórí ebè,
tí wọ́n bu ilẹ̀ sí òun lọ́wọ́ pé kóun gbóòórùn rẹ̀,
kò sí èyí tó bá òun ná an.
"Kí ni n ó wá fi kọ́kọ́rọ́ tì?"

Inú bí mi o.
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ̀rọ mi ń sùn.
Orí fóònù ni gbogbo wọn ti ń kà á,
lábẹ́ dogonyaro, nínú bọ́ọ̀sì Kaduna;
èmi jókòó, mo ń ka eṣinṣin.

Àfi ọjọ́ tí Shamsiyya wọlé,
ó ní òǹkà kan kò tọ̀nà lójú-ìwé kọkànlélógójì:
òjò Funtua kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, bàbá òun lè jẹ́rìí.
Ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Dókítà tún un ṣe.
Ẹ̀dà tuntun dé, orúkọ Shamsiyya wà nínú rẹ̀,
lẹ́tà wínníwínní, nísàlẹ̀ ojú-ìwé kejì.
Ó ní kí n tẹ ojú-ìwé yẹn nìkan fún òun,
kóun mú un lọ sílé.
N kò gba kọ́bọ̀.

Ìyíọlá, ọmọ Ṣakí, ti ń tú u sí Yorùbá.
Ó wá bi mí lálẹ́, kí là ń pe ilẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́?
Mo sọ bí bàbá mi ṣe ń pè é.
Ó kọ ọ́.
Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi, ẹni tí kò mọ ááfà,
ti wọ inú ìwé yunifásítì.

Mo ti já kọ́tìnì náà.
Ó ṣì wúlò: òun ni mo fi ń bo ẹ̀rọ lálẹ́
nítorí ọyẹ́.