Ojúlé Kejìdínlọ́gọ́ta

Gela ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀:
ọkọ̀ ojú omi ń wá ọ̀dọ́ tí yóò máa fọ abọ́,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là lóṣù.
Wọn ò bi wá bóyá a ti fọ abọ́ rí.
Igba lárì péré lowó fọ́ọ̀mù,
kó sáà ti wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ta kẹ̀kẹ́ mi.
Mo ń ka owó náà lórí tábìlì
nígbà tí Ìyá Àgbà Nutsa fi awò sójú.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi pín lẹ́tà ní Kutaisi,
kò sí ajá àdúgbò tí kò mọ òórùn bàtà rẹ̀.
"Níbo ni ọ́fíìsì wọn wà?"
Mo kà á fún un: òpópónà etí odò, ojúlé kejìdínlọ́gọ́ta.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ́ búrẹ́dì sí méjì.
"Orí ogójì ni òpópónà yẹn ti parí, Zaza.
Ilé Vazha tó ń sin oyin ni ìkẹyìn.
Lẹ́yìn rẹ̀, odò ni.
Àfi bí ẹja bá ń gbani síṣẹ́.
Àti pé, ta ní í sanwó fún olóko
kó tó bá a kọ ebè?"

Mo pe nọ́ńbà náà. Ohùn dídùn kan ní kí n yára,
àyè kan ṣoṣo ló kù.
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń rí lójú fèrèsé yín?
Ó dákẹ́.
Ó pa fóònù.

Mo sáré lọ bá Gela.
Ó ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀.
Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan,
ó ń bi mí bóyá òkun máa ń tutù lóṣù Kejì.