Ìbọ̀sẹ̀ Òsì

Fadérera, mo kọ orúkọ rẹ sára gbogbo ẹrù:
bàtà òjò, ike omi, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún.
Mo gbàgbé tòsì.

Bọ́ọ̀sì kó yín kúrò ní Winnipeg láàárọ̀ Mọ́ńdè.
O ò bojú wẹ̀yìn.
Èmi ni mo dúró síbẹ̀
bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀
tí ọrùn ò tíì mọ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni yàrá rẹ fi wà ní mímọ́ tónítóní.
Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Fúráídeè, o sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀fọn ti jẹ ọ́ lápá jẹ ọ́ lẹ́sẹ̀,
irun tí mo fi wákàtí mẹ́ta dì ti di koríko.
O ní o wa ọkọ̀ lórí adágún,
ìwọ tó ń ké bí omi bá kàn ọ́ létí!

Ṣé àárò mi sọ ọ́?
O rò ó.
“Lálẹ́ Túsìdeè, díẹ̀,
kí wọ́n tó dáná.”

Mo tú àpò rẹ síta láti fọṣọ.
Ìbọ̀sẹ̀ òsì wà níbẹ̀, ó rin gbingbin,
orúkọ ọmọ ẹlòmíràn lára rẹ̀.