Èjìká Ọ̀tún

Aṣọ ilé-ìwé ni mo ń wọ̀n fún Lásísì
ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Fìà.
Èjìká ọ̀tún fi ìka méjì relẹ̀ ju tòsì.
Mo tún un wọ̀n. Ìka méjì náà ni.

Ọ̀sán a bá a ṣeré, òru a bá a jà:
"Màámi, ẹ̀yìn mi."
Mo fún un ní asipirín;
kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà, ó ti ń hanrun.
Bàbá rẹ̀ ní omi tó ń rù ni.
Àna mi ní ọwọ́ ẹnìkan wà níbẹ̀.

Ọsibítù ìjọba Òṣogbo. Dókítà Oyèníran ò tíì fọwọ́ kàn án
tó fi bi mí: "Ṣé òru ló ń dùn ún jù?
Ṣé asipirín máa ń pa á lẹ́nu mọ́?"
Ẹ̀rọ ya egungun ẹ̀yìn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni ń gé búrẹ́dì.
Ó fi bírò tọ́ka: ohun roboto kan, kò tó hóró ẹ̀wà.
"Kókó ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í rìn."

Èmi tí mo ti sunkún tán láti ilé!

Abẹ́rẹ́ gbígbóná ni wọn yóò fi jó o
lẹ́yìn Iléyá, bí owó bá pé.
Abẹ́rẹ́. Ohun tí mo fi ń jẹun.

Mo rán aṣọ náà, èjìká méjèèjì dọ́gba.
Ó wọ̀ ọ́, ó ń yẹ̀ sí ọ̀tún.
Kó máa yẹ̀ ná.